Òjò Ti Ń Pa Igún Bọ̀: Ọjọ́ Méje Lójú Ọ̀nà

Ọjọ́bọ̀, Lẹ́kki

Agogo mẹ́fà ìdájí la gbéra ní Ọ̀jọ́ta, ó sì lé ní agogo mẹ́sàn-án kí a tó dé Lẹ́kki. Ẹni tó bá mọ Èkó kò ní bi mí léèrè ìdí. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀. Dókítà ni ẹni àkọ́kọ́, dókítà ẹranko ni, ó sì ti sọ̀rọ̀ igún títí débi pé Ìyá Onígún làwọn ẹbí rẹ̀ ń pè é. Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà ni ìkejì, ọ̀rọ̀ ẹyẹ kò kàn án rárá, ìrìn àjò ló fẹ́ràn. Èmi ni ìkẹta. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni mo gbé dání, ìwé yìí náà sì wà lápò mi.

Ẹrù wa ni pósítà 200, spíkà kékeré kan, àti ìwé ẹ̀jẹ́ tí a fẹ́ kí àwọn ènìyàn buwọ́ lù: pé àwọn ò ní pa igún, àwọn ò ní rà á, àwọn ò sì ní tà á mọ́. Dókítà ló kọ ìwé náà. Mo sọ fún un pé ó gùn jù. Ó ní kí n máa bójú tó ẹ̀rọ mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, igún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yíjú wò. Orí páànù odò ẹran ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn bí àwọn àgbààgbà tó ń dúró kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ òkò lù wọ́n, ìyá mi á ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, a kì í pa igún.” Kò ṣàlàyé rí, àwa náà ò sì bèèrè. Mi ò lè sọ ọjọ́ tí mo rí èyí tó kẹ́yìn. Wọn ò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ọgbà Lẹ́kki la ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń wá. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ni ọgbà náà. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i, ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Igbó gidi ni láàárín ilé alájà púpọ̀. Ọ̀bọ ń fò lókè, ọmọ ń pariwo nísàlẹ̀. Wọ́n fún wa ní ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún kan. Dókítà gbé pósítà sókè.

“Ẹyẹ wo nìyí?”

“Tòlótòló!” Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Dókítà ní rárá, ẹ tún un wò. Ọmọkùnrin kan ní ẹyẹ àjẹ́ ni, òun rí i nínú fíìmù. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wà lẹ́yìn ló wá nawọ́: “Igún ni. Bàbá mi àgbà ní ó máa ń wà tẹ́lẹ̀.”

Ó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé fún wọn pé irú igún tó ń gbé láàárín ìlú, èyí kékeré olórí pupa tó dà bíi pé ó dé fìlà, ni àjọ IUCN tó ń ka àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu lágbàáyé gbé sí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn ní 2015. Ohun tó bá kúrò lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó kú tán nínú igbó nìyẹn. Ó ní ní Áfíríkà, láàárín ọdún 53, bí a bá ka igún yìí ní 100, 83 ti lọ. Ọmọ kan bi í pé, “Ta ló kó wọn?” Ìbéèrè tó dára nìyẹn, nítorí rẹ̀ la ṣe ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìbàdàn

Mi ò ní dárúkọ ọjà tí a lọ. Ẹni tó bá mọ ọjà àwọn lékulẹ́ja mọ̀ ọ́n. Òórùn ewé gbígbẹ, egbò, kàn-ún àti awọ ni ó kọ́kọ́ kí wa. Orí ọ̀bọ gbígbẹ, ọ̀gà, ìkarahun ìjàpá, ẹsẹ̀ àṣá, gbogbo wọn tò lórí àtẹ bí ẹni tò tòmátì.

Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ni ìsọ̀ tí a kọ́kọ́ yà sí. Ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wá ra nǹkan ni àbí ẹ wá wo nǹkan?”

“Ẹ kú ọjà o, Màmá. A wá kí yín ni.”

“Ìkíni kì í kún àpò. Ẹ jókòó.”

Orí igún kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ, ó gbẹ, ojú rẹ̀ dé, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bi í ní iye rẹ̀. Ó pè é. Mo ní kó tún un pè. Ó ní, “O gbọ́ mi. Láyé ìyá mi, òun ló pọ̀ jù lórí àtẹ yìí. Báyìí, mo lè wà níbí oṣù mẹ́ta kí n má rí ọ̀kan. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá, òmíràn tiẹ̀ ń ti ẹ̀yìn Òkè Ọya wá.”

A béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó ka á bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ: awúre, ìtajà, ìsọ̀yè, kí àjẹ́ má lè súnmọ́ni, kí ẹ̀mí ènìyàn gùn. Ti ìkẹyìn yìí yé mi. Gbogbo wa la máa ń ṣàdúrà pé igún kì í kú léwe. Ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí, àbí ẹkún: nítorí pé igún kì í kú léwe la ṣe ń pa á léwe.

Dókítà kó ìṣirò rẹ̀ dé. Ó ní ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lọ́dún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì kó tó pa á, ọmọ náà á tún tó oṣù mẹ́ta nínú ìtẹ́ kó tó fò. Nítorí náà, bí a bá pa ìyá kan lónìí… Màmá ń tún ewé rẹ̀ dì ní tirẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ìṣirò kò ní wọlé, ṣùgbọ́n mi ò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu Ìyá Onígún.

Ìgbà tó dákẹ́ díẹ̀ ni mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀: “Bí a ò bá rí igún…”

“…a ò gbọdọ̀ ṣebọ,” ni Màmá fi gbà á láìgbójú sókè. “Bí a ò bá rí àkàlàmàgbò, a ò gbọdọ̀ ṣorò.”

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ewé.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Oníbàárà kan dé, ó ra egbò ìfọ́n, ó sì lọ. Màmá wá ní, “Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá yìí, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá tà á, ẹni tó wà níwájú mi yìí á tà á. Kí n wá máa wò ó?” Dókítà na ìwé ẹ̀jẹ́ sí i pẹ̀lú bírò. Màmá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ìwé tí mo bá tẹ̀ka sí lónìí ni ọlọ́pàá máa gbé wá bá mi lọ́la.”

Nínú ìsọ̀ mọ́kànlá tí a yà lọ́jọ́ náà, ẹni méjì ló buwọ́ lù ú, mo sì fura pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kí a tètè kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ni. Màmá kò buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n ó gba pósítà. Ó ní ó nípọn.

Àbámẹ́ta, odò ẹran àti ilé rédíò

A dé odò ẹran kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, èéfín awọ tí wọ́n ń sun gba gbogbo ojú ọ̀run. Mo gbójú sókè, ọkàn mi fò: ẹyẹ ńlá ń yí po lókè! Dókítà gba awò ìríran-jínnà lọ́wọ́ mi. “Àwòdì ni,” ó ní. “Wo ìrù rẹ̀, ó là sí méjì.” Àwòdì pọ̀ bí ẹní máa kú. Lékeléke náà wà, wọ́n ń ṣa ìdin. Ajá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ń jà lórí ìfun. Igún kò sí.

Alápatà àgbà kan tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi ní, “Ní àkókò wa, a kì í gbá ilẹ̀ ibí yìí. Igún ló ń gbá a. Kí oòrùn tó yọ, ilẹ̀ ti mọ́.” Ó nawọ́ sí àkìtàn kan lẹ́yìn ògiri, ó ga ju mọ́tò wa lọ. “Ìyẹn ló gba iṣẹ́ wọn.” Mi ò nílò pósítà kankan lẹ́yìn èyí.

Ní agogo mẹ́wàá, a wọ ilé rédíò kan. Wákàtí kan ni wọ́n fún wa, fóònù kò sì sinmi. Mo kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn ìpè náà.

Ẹnì kan pè láti Mọ́níyà: “Ẹ máa bínú o. Ebi ń pa ọmọ ènìyàn, ẹ̀yin ń sọ ti igún. Ṣé igún ni yóò sọ gàrí di pọ́ọ́kú?” Olóòtú ètò bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé Dókítà yóò bínú, ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni mo ti rí i pé obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orílẹ̀-èdè India fún yín.”

Ó ní igún India pọ̀ nígbà kan débi pé wọ́n ń dí bàálù lọ́wọ́. Nígbà tó yá, láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti orí igi. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń pa wọ́n títí di 2004. Oògùn ìrora kan, diclofenac, tí àwọn èèyàn ń fún màlúù wọn ni. Màlúù tó bá gbà á tó sì kú, igún tó bá jẹ nínú rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á daṣẹ́ sílẹ̀. Irú igún mẹ́ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Nínú 100, ó lé ní 95 tó kú. Nítorí pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í sáábà jẹ màlúù, òkú màlúù wà nílẹ̀ kiri, igún kò sí láti jẹ ẹ́. Ajá ìgboro ló rí oúnjẹ. Ajá pọ̀ sí i, ó ń bu ènìyàn jẹ, àrùn dìgbòlugi ń tàn. Ní 2006 ni ìjọba wọn fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn.

“Ẹ̀gbọ́n,” Dókítà ní, “kò sọ gàrí di pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n owó abẹ́rẹ́ ẹni tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ẹ ti san án rí?”

Ẹni náà dákẹ́ lórí fóònù. Ó wá ní, “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, lọ́dún tó kọjá.” Ó sì pa ìpè náà.

Àwọn yòókù kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kí a sọ ti Jésù. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá jíjẹ igún lè wo ikọ́ sàn. Ẹnì kan tó dún bí agbẹjọ́rò béèrè òfin, Dókítà sì dá a lóhùn pé òfin ẹranko tó wà nínú ewu ti wà láti 1985, wọ́n tún un ṣe ní 2016, ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá sì ti tún fọwọ́ sí àbá òfin tuntun tó le ju ti àtijọ́ lọ ní 2025. Ó fi kún un pé ní oṣù kìíní 2024, ìjọba lọ eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lúúlúú ní Àbújá kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i tà mọ́. Agbẹjọ́rò náà ní, “Eyín erin ni ìyẹn. Ta ló máa lọ orí igún?” Mi ò rí ìdáhùn rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Àìkú, Òṣogbo

Mo fẹ́ràn Òṣogbo, mi ò sì ní fi pamọ́. Bí èèyàn bá wọ igbó Ọ̀ṣun, ara á rọ̀ ọ́. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, àwọn igi tó wà níbẹ̀ ti dàgbà ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. A kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í gé igi níbẹ̀. Ọ̀bọ wá bá wa lójú ọ̀nà, ó sì wo Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà bíi pé ó jẹ ẹ́ lówó.

Ìgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ gé e. Àwọn agégi ti dé, àwọn olóko ti dé. Àwọn olóòṣà pẹ̀lú Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló dìde. Wọ́n mọ ère sínú igbó náà kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé ilẹ̀ òfìfo ni. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965. Àjọ UNESCO gbà á wọlé sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àdùnní kú ní 2009, igbó wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni àtìlẹ́yìn ará ìlú túmọ̀ sí, n ó mú un wá síbí yìí, n ó sì ní kó fetí sí odò.

Ìyá olóòṣà kan gbà wá lálejò, ó gbé obì àti omi síwájú wa. A sọ ohun tí a bá wá. Ó ní, “Igún? Ẹyẹ Yèyé ni.” Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun: pé ayé gbẹ nígbà kan, òjò kọ̀, àwọn ẹyẹ gbogbo gbìyànjú láti gbé ẹbọ dé ọ̀run, ó rẹ̀ wọ́n. Igún ló gbé e dé. Ooru oòrùn ló pá a lórí. “Ẹ̀yin ẹ̀ ń fi orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́,” ó ní, “nítorí yín ló ṣe pá.”

Mo ti gbọ́ irú ìtàn yìí rí láti ọ̀nà jíjìn. Ní Cuba, àwọn Lùkùmí, tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò nílẹ̀ wa, ní irú Ọ̀ṣun kan tí wọ́n ń bọ, tí wọ́n ń pè ní Ibú Kolé, igún sì ni ẹyẹ rẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ń rí níbẹ̀, aura, kì í ṣe ọmọ ìyá igún tiwa. Ṣùgbọ́n òkú lòun náà ń jẹ, orí òun náà pá. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú gbójú sókè, wọ́n rí i, wọ́n sì dá a mọ̀. (Àwọn ọmọ Lẹ́kki kò sì jẹ̀bi púpọ̀: tòlótòló ni àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà fi sọ ẹyẹ yẹn lórúkọ, nítorí orí rẹ̀ tó pupa.)

Babaláwo kan wà níkàlẹ̀, kò tíì sọ ohunkóhun. Dókítà bi í tààrà: “Bàbá, oògùn tó bá ní igún nínú, ṣé ó lè jẹ́ láìsí igún?” Mo rò pé wọn yóò lé wa jáde. Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

“Láyé ọjọ́un, ènìyàn ni wọ́n fi ń rúbọ míràn. Ṣé ènìyàn la ṣì ń fi rú u?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ta ló pààrọ̀ rẹ̀? Ifá ló pààrọ̀ rẹ̀. Ìpààrọ̀ ti wà ṣáájú kí wọ́n tó bí yín. Ewé ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wa. Ẹni tí kò mọ ewé ló ń wá orí igún kiri.”

Mo tẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó gbà á. Ó gbà á. Gbólóhùn yìí nìkan tó pósítà 200. A ti ń náwó lórí àwòrán aláràbarà, ọ̀rọ̀ tí à ń wá wà lẹ́nu bàbá kan tó jókòó sórí ẹní. Ó gbà kí a lò ó lórí rédíò, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ òun. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun kan yóò bínú, ó sì dá òun lójú ẹni tí yóò jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ìta Ìsẹ́yìn

Táyà fọ́. Táyà àpawọ́dà náà kò ní afẹ́fẹ́. Wákàtí márùn-ún. Dókítà lọ ra aṣọ òkè.

Ìṣẹ́gun, ẹ̀bá Ṣakí

Níhìn-ín, ilẹ̀ gbẹ, igi kò ga, ojú ọ̀run fẹ̀. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́ Ilé, tó gba ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, kò jìnnà sí wa. Bí igún bá ṣẹ́kù sí ilẹ̀ Yorùbá, irú ibí yìí ló yẹ kó wà.

Àwọn ọdẹ mẹ́rìnlá ló pàdé wa lábẹ́ igi òrí kan. A kí wọn pé Ògún á gbè wọ́n, wọ́n fún wa ní àga, wọ́n fún wa ní omi, wọ́n sì fún wa ní ojú tó le. Wọ́n rò pé aṣọ́gbó ni wá.

Dókítà ti kẹ́kọ̀ọ́. Kò mú ìṣirò jáde. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ti rí. Ọdẹ àgbà kan wá sọ pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, òun rí ọmọ màlúù kan tó kú, igún márùn-ún sì kú yí i ká, àwọn eṣinṣin tó bà lé e pàápàá kú. Ẹnì kan ló da apakòkòrò oko sí ẹran náà nítorí ìkookò tó ń jẹ ẹran rẹ̀. “Kò rí ìkookò pa,” ó ní. “Igún ló rí pa.”

Nígbà náà ni Dókítà sọ tirẹ̀: pé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún igún tí àwọn onímọ̀ ka òkú wọn káàkiri orílẹ̀-èdè 26 ní Áfíríkà, májèlé ló pa 61 nínú 100, oògùn ìbílẹ̀ ló pa 29. Pé ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, ní 2020, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì igún tí májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀, tí wọ́n sì ti gé orí púpọ̀ nínú wọn lọ. Wọ́n mi orí. Ọdẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ̀rún méjì òkú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bèèrè ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ Ẹtì: “Ẹni tó fẹ́ orí igún máa ń san owó sílẹ̀ fún mi kí n tó wọ igbó. Bí ẹ bá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, kí lẹ fẹ́ fi dípò?” Dókítà ní, “Mi ò ní ohun tí mo máa fi dípò.” Mo wò ó. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dára pé ó sọ ọ́, nítorí pé ọmọ náà yóò ti mọ̀ bí a bá parọ́. Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Méjì tẹ̀ lé e.

Mo mú ìwé ẹ̀jẹ́ jáde fún àwọn mọ́kànlá tó kù. Olórí ọdẹ gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi.

“Ìwé kì í mú ọdẹ,” ó ní.

Ó ní kí ẹnì kan bá òun mú àdá wá. Wọ́n gbé e sílẹ̀ láàárín wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀, ó fi ahọ́n kan irin náà, ó ní òun ò ní pa igún, bí òun bá sì rí ẹni tó da májèlé sí òkú ẹran, òun yóò sọ fún olórí. Ẹlòmíràn sọ ọ́ ní kúkúrú, ẹlòmíràn fi oríkì Ògún kún un. Ìgbà tó kan ẹni kẹjọ, Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà ti ṣí fìlà rẹ̀. Ìwé Dókítà, tí ó gùn jù, wà lọ́wọ́ mi, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, a jókòó sórí àpáta títí oòrùn fi wọ̀, a ń wo òkè. Àwòdì. Àṣá kan. Àwòdì.

Ọjọ́rú, Ìbàdàn

Òjò ńlá bá wa wọ Ìbàdàn. Kò yẹ kí a tún yà sí ọjà náà, ilẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n Dókítà ní òun fẹ́ mú ohùn babaláwo Òṣogbo fún Màmá gbọ́.

Màmá ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ohùn bàbá náà lórí fóònù Dókítà, ó ní kí ó tún un ṣe, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. “Ẹni tí kò mọ ewé,” ó tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọ̀rọ̀ sí wa ni bàbá yẹn ń sọ.”

Orí igún náà ṣì wà níbẹ̀. Pósítà wa náà wà níbẹ̀: ó ti fi í bo àtẹ náà lórí, ó so ó mọ́ igi ìsọ̀ pẹ̀lú okùn, nítorí òjò. Àwòrán igún alààyè tó na ìyẹ́ lókè, orí gbígbẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi ti wọ páálí náà, ó ti ń wó láàárín.

Mo bi í bóyá yóò tún ra òmíràn nígbà tí wọ́n bá kó o dé láti Òkè Ọya. Kò dá mi lóhùn. Ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé orí ọmọ tó wá gbé e, ó tú okùn pósítà, ó sì gbọn omi rẹ̀ dànù.

“Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú òmíràn wá fún mi,” ó ní. “Òjò ti pa èyí.”